Ẹ̀kọ́ lórí ilẹ̀ ní Ontario: ibo ni olùkọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ ní Brampton, ní Ontario, ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí n máa kó wọn jáde lọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà ṣe ń bá igi, omi àti ẹranko gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo kó wọn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ka ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ilẹ̀ (gbólóhùn tó ń dárúkọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà) sí wọn létí, a ya fọ́tò, a padà. Mo mọ̀ pé kò tó, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó kù. Àwọn òbí kan sì ti ń bi mí bóyá ẹ̀sìn ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ àwọn.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ohun tó kù ni pé ẹ kò tíì padà síbẹ̀.

Lójú àwọn Anishinaabe, ọ̀kan nínú àwọn ìran ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Ẹni tó bá ń rí olùkọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má wá ibi púpọ̀ kiri. Ẹ wá ibì kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì máa lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹfà: nínú òjò, nínú yìnyín, nígbà tí ewé bá wọ́ tán, nígbà tí ẹ̀fọn bá dé. Igbó ṣákálá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé sàn ju ọgbà ńlá tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín débẹ̀, torí owó bọ́ọ̀sì ló ń sọ ẹ̀kọ́ yìí di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Kí ẹ tó jáde rárá, ẹ mọ ilẹ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Brampton wà lórí ilẹ̀ àdéhùn kọkàndínlógún, èyí tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Ajetance, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 1818. Ajetance ni olóyè Mississauga tó dúró fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà nínú àdéhùn náà jẹ́ éékà 648,000. Mississauga jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Anishinaabe. Wọn kò parẹ́ o. Ní 1847 ni wọ́n ṣí kúrò létí odò Credit tó wà nítòsí yín lọ sí ìtòsí ìlú Hagersville, níbi tí wọ́n wà títí dòní, tí àwọn àti àwọn Haudenosaunee ti Six Nations, ìran ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn, sì jọ pààlà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àṣìṣe tí mo kà sí èyí tó burú jù nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ máa ń ṣe báyìí *nígbà kan*." Bí ọmọ bá ti gbọ́ "nígbà kan" lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti sin wọ́n lọ́kàn rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pé "wọ́n ń ṣe é", torí wọ́n ń ṣe é lóòótọ́.

Odò Credit gan-an jẹ́ ìwé kíkà. Ẹja salmon ti Atlantic ni àwọn Mississauga ń pa níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n fi ìdídò dí odò kí omi lè máa yí ọlọ, wọ́n gé igbó etí odò, wọ́n sì pa ẹja náà ní àpajù. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ó ti tán nínú adágún Ontario. Àwọn ẹja gbọ̀ngbọ̀n tí àwọn ọmọ lè rí nínú odò náà lóṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá jẹ́ irú mìíràn, chinook, tí èèyàn kó wá láti ìhà òkun Pacific. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wo ẹja náà bó ṣe ń forí sọ omi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi wọ́n pé: ta ló ń gbé nínú odò yìí tẹ́lẹ̀, ta ni kò rí i jẹ mọ́, kí ló sì lé e lọ? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kó ìtàn, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀tọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èdè pàápàá ń kọ́ni. Nínú èdè Anishinaabe, ọ̀rọ̀ orúkọ pín sí ohun abẹ̀mí àti ohun tí kò lẹ́mìí, ọ̀rọ̀ ìṣe sì ń yí padà nítorí rẹ̀. *Asin*, òkúta, wà lára àwọn abẹ̀mí. *Mitig* tó túmọ̀ sí igi tó wà lórí ìdúró jẹ́ abẹ̀mí, tó bá sì di púpọ̀, á di *mitigoog*. Ṣùgbọ́n bí *mitig* bá jẹ́ ọ̀pá tí a gé, kò lẹ́mìí mọ́: *mitigoon* ni wọn yóò pe púpọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sára pátákó láìṣàlàyé, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ wá ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ síra. Èyí yóò ṣí wọn lójú ju ìwàásù ọ̀sán gbogbo lọ.

Iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò le: kí olúkúlùkù ọmọ ní ibùjókòó tirẹ̀, kó má sì yí i padà títí ọdún yóò fi parí. Ẹ fi bíi mítà márùn-ún sí àárín ọmọ kan àti èkejì, kí gbogbo wọn sì wà níbi tí ojú yín ti tó wọn. Fún ìjókòó, ẹ gé fóòmù pelebe oníhò dídí, sẹ̀ǹtímítà 30 lórí 30, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń fa omi yóò di kànrìnkàn. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n mú dání, torí tàdáwà bírò máa ń dì nínú òtútù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkúta ni wọn yóò máa sọ lura wọn, ẹ̀yin náà yóò sì gbà pé ẹ̀kọ́ yìí kò bá irú ọmọ yín mu. Ẹ̀rín àti ariwo ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó síbùjókòó tiyín. Olùkọ́ tó ń rìn káàkiri pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ń fi han àwọn ọmọ pé ibẹ̀ kò tó ibi tí àgbàlagbà ń jókòó sí.

Lóṣù àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n gbọ́, tí wọ́n gbóòórùn nìkan ni kí wọ́n kọ. Lẹ́yìn náà: ta ló kọjá níbí kí n tó dé? Ta ló ń jẹ lára ta? Kí ni ibí yìí ti fún mi, kí ni mo ti fún un? Ọmọ tí ibùjókòó rẹ̀ wà lẹ́bàá kùkùté tó ń jẹrà yóò kọ̀wé nípa kòkòrò lóṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kìíní, yóò rí ipasẹ̀ ehoro nínú yìnyín yí kùkùté náà ká. Lóṣù Karùn-ún, igi kékeré oníewé méjì yóò yọrí láti inú igi tó ti kú. Kò sí àlàyé tí ẹ lè ṣe tó máa wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ilẹ̀ náà, ẹ má kà á láti inú ìwé mọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, kí àwọn ọmọ kọ tiwọn: kí orúkọ odò yín wà níbẹ̀, kí orúkọ igi kan tí wọ́n mọ̀ wà níbẹ̀, kí ohun kan tí wọn yóò ṣe fún ilẹ̀ náà lóṣù yẹn sì wà níbẹ̀.

Apá tó ń já àwọn olùkọ́ láyà jù ni pípe àgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń ṣì í ṣe jù. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà kọ́ ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n sí àgbà, nítorí ìmọ̀ àti ìwà rẹ̀. Ẹ má wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àjọ ilé ìwé ìjọba ní Ontario ló ní ẹni tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Bí a kì í ti í lọ sọ́dọ̀ àgbà lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn Anishinaabe àti Haudenosaunee: tábà ni wọ́n fi ń bẹ ẹni tí a fẹ́ gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gé aṣọ òwú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 lórí 10, ẹ bu tábà tí wọn kò wé, bíi ṣíbí tíì kan, sí àárín rẹ̀, ẹ kó etí aṣọ jọ, ẹ fi rìbọ́ọ̀nù dè é. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún ní kedere, kí ẹ tó nà án sí i. Bó bá gbà á, ó ti gbà láti ṣe é nìyẹn. Bí kò bá gbà á, ẹ má fi dandan lé e, ẹ má sì bínú. Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé ṣáájú kí tábà tó wọ ọgbà. Òfin Ontario mọ̀ pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń lò ó fún àṣà wọn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà yìí kò kárí gbogbo Kánádà: bí ó bá jẹ́ Inuit, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìhà àríwá, ni àlejò yín, ẹ béèrè ohun tó yẹ lọ́dọ̀ tiwọn.

Lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀, kí ẹnì kan dúró dè é níbi tó máa páàkì sí. Kí àga tó ní ẹ̀yìn wà nínú igbó, kí tíì gbígbóná àti oúnjẹ wà nílẹ̀. Owó ìmọrírì rẹ̀, kí ó wà nínú àpòòwé kó tó dé. Àwọn ọ́fíìsì fẹ́ràn kí wọ́n ní kó kọ fọ́ọ̀mù, kó sì máa retí owó fún oṣù méjì. Ìtìjú ńlá nìyẹn, ẹ bá wọn jà á kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má gba ohùn tàbí àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàyè. Ẹ má fi ago ilé ìwé gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: bó bá sọ pé wákàtí kan, ẹ fi méjì sílẹ̀. Ẹ má sì ní kó wá sọ ìtàn ilé ìwé onígbèéwọ̀, níbi tí wọ́n kó nǹkan bí 150,000 ọmọ ìbílẹ̀ lọ kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yàn láti sọ ọ́. Bákan náà, bí ọmọ ìbílẹ̀ kan bá wà nínú kíláàsì yín, ẹ má sọ ọ́ di agbẹnusọ fún ìran rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ kan tó máa so gbogbo rẹ̀ pọ̀, oje igi maple ni, tí a máa ń sè títí yóò fi di omi dídùn tó ki (syrup). Àwọn Anishinaabe ń pe igi náà ní *ininaatig*, wọ́n sì ń pe ibi tí wọ́n ti ń se oje rẹ̀ ní *iskigamizigan*. Ní gúúsù Ontario, láti ìparí oṣù Kejì títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni àkókò rẹ̀: òru á lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ọ̀sán á gòkè sí bíi dígírí 5. Òtútù òru ló ń mú kí igi fa omi sókè. Ooru ọ̀sán ló ń tì í jáde. Bí òru kò bá dì, oje kò ní sun.

Ẹ gba ìyọ̀ǹda onílẹ̀, torí igi ọgbà ìgbafẹ́ kì í ṣe tiyín láti lu ihò sí. Igi tó tó láti lu gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Kí àwọn ọmọ gé okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, kí wọ́n fi yí igi ká ní ìwọ̀n àyà wọn: bí orí okùn méjèèjì bá kanra, igi náà kéré jù, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé dírìlì, kí àgbà yín fi tábà sídìí igi, kó sì sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà, dírìlì mìlímítà 8, kí ihò wọlé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún, kó tẹ̀ díẹ̀ sókè bó ṣe ń wọlé kí oje lè máa ṣàn jáde. Ẹ wo ẹ̀rúnrún igi tó ń jáde. Bó bá funfun, ó dára. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, igi ibẹ̀ ti kú, ẹ lu ibòmíràn. Ẹ fi òòlù lu páìpù kékeré tí oje yóò máa gbà jáde wọlé jẹ́jẹ́ títí ohùn rẹ̀ yóò fi yí padà láti *kó-kó* sí *kù-kù*; ẹni tó bá lù ú ju ìyẹn lọ yóò la igi, oje yóò sì máa jò gba ẹ̀gbẹ́. Ihò kan lára igi kan ti tó. Ẹ má sún mọ́ àpá ihò ọdún tó kọjá.

Garawa tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tó ní ìdérí, ni kí ẹ gbé kọ́ ọ. Ẹ máa kó oje náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi í sínú òtútù, torí ó máa ń kan bíi wàrà. Ìta ni kí ẹ ti sè é. Ooru omi rẹ̀ yóò rin àjà ilé. Nǹkan bíi 40 lítà oje ló ń di lítà kan syrup. Nítorí náà, bí ẹ bá sè lítà 10, 250 mìlílítà ni yóò kù: mìlílítà 10 fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ kí iná tó ràn, kí wọ́n wá dúró tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá ti kù díẹ̀, ẹ dà á sínú ìkòkò kékeré, ẹ ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ó jinná nígbà tó bá fi dígírí mẹ́rin ju ibi tí omi ti ń hó lọ, ìyẹn bíi 104. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti jóná. Ọ̀pọ̀ ìdílé Anishinaabe máa ń ya àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi dúpẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Ẹ bi àgbà yín bí yóò ti rí. Nígbà tí ọmọ bá fi ahọ́n kan mìlílítà 10 tirẹ̀, tó sì rántí garawa tó gbé, ọ̀rọ̀ "má mú ju ohun tí o nílò lọ" kò ní jẹ́ òfo létí rẹ̀ mọ́.

Bí igi bá ti ń rúwé, oje náà á korò. Ẹ yọ páìpù, ẹ má fi nǹkan kan dí ihò. Igi mọ bó ṣe ń wo ara rẹ̀ sàn.

Gbígbà láìfúnni padà kì í ṣe ìbágbépọ̀, nítorí náà ẹ fún igbó yín ní nǹkan. Ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, garlic mustard, ewéko àjèjì tó ń lé àwọn òdòdó igbó kúrò, yóò ti hù. Tí ẹ bá fi ìka ra ewé rẹ̀, òórùn áyù ni yóò máa ta. Ẹ gba ìyọ̀ǹda, ẹ fà á kó tó so, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, torí bí gbòǹgbò bá kù, yóò tún hù. Àpò dúdú ni kí ẹ kó o sí, ẹ má dà á sórí ààtàn.

Ti àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé, tí àwọn Haudenosaunee ń pè ní Arábìnrin Mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń gbìn ín, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í kórè. Ebè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan; àgbàdo mẹ́rin sórí ebè ní ìparí oṣù Karùn-ún; ẹ̀wà tó ń fà nígbà tí àgbàdo bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15; elégédé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá gbin ẹ̀wà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àgbàdo, yóò fà á wó. Bí ebè bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ kò ní gbé àtíkè òdòdó àgbàdo dé ọmú rẹ̀, ẹ ó sì rí i tó ṣí eyín. Ìṣòro tó tóbi jù ni ìsinmi oṣù Keje àti Kẹjọ: bí kò bá sí ìdílé tó kọ orúkọ sílẹ̀ láti máa bu omi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má gbìn ín. Kíláàsì mìíràn ni yóò sì kórè ohun tí tiyín gbìn. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Ní ti àwọn òbí, ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè. Èéfín ewé tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fi ń wẹ ọkàn mọ́ ló sábà máa ń fa ìbẹ̀rù yìí. Ní British Columbia, ìyá kan pe àjọ ilé ìwé lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ṣe é lójú ọmọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a nù ní 2020, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fara mọ́ ìdájọ́ náà ní 2022. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé kí ọmọ rí ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn, kó sì kọ́ nípa rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n fipá mú un ṣe é. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: ohun tí àlejò yóò ṣe, ẹni tó jẹ́, àti pé ọmọ tí kò bá fẹ́ lọ́wọ́ sí i lè dúró wò láìsí ìtìjú. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má sun ewé náà láé. Kì í ṣe tiyín láti ṣe. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ago iná, kí ẹ sì mọ ọmọ tó ní ikọ́ fée.

Ààbò: ní ọjọ́ tó bá ti ju dígírí 4 lọ, eégbọn ti ń rìn. Kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀, kí àwọn òbí yẹ ara wọn wò lálẹ́. Kí wọ́n mọ ewé mẹ́ta poison ivy, ewéko tó máa ń mú ara yún, kí wọ́n tó yan ibùjókòó. Bí atẹ́gùn bá mú òtútù dé ìwọ̀n bíi -28, ara tó wà níta lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Aṣọ òwú tó bá ti tutù kì í mú ara móoru, kí wọ́n wọ irun àgùntàn sínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹfà, ẹ lọ pe kíláàsì kẹrin wá. Kí ọmọ yín kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú wọn lọ sí ibùjókòó tirẹ̀, kó sọ ohun mẹ́ta tó mọ̀ nípa ibẹ̀ fún un, kó sì fi fóòmù náà sílẹ̀ fún un. Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún un. Kò ní tó.